Oúnjẹ wà nílé, owó ọjà ni kò sí: ẹ bá mi tò ó

Ìyá Bọ́lá (ẹni tó béèrè)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àìsí iná. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti gbá gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi lọ, owó oṣù ò sì tíì dé tòsí. Mi ò fẹ́ tọrùn bọ gbèsè torí ọbẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kì í ṣe pé ilé gbẹ. Bí mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń rí nǹkan níbẹ̀, àmọ́ n kì í mọ èwo ni kí n sè.

Gàrí Ìjẹ̀bú wà, èlùbọ́ wà, ẹ̀wà olóyin tó kóńgò mẹ́ta, ìrẹsì kóńgò kan, ègúsí tí n kò tíì lọ̀, òrúnlá, edé, ata gbígbẹ, sìpàgẹ́tì, àlùbọ́sà, epo pupa ìdajì kẹ́ẹ̀gì kékeré. Nínú fírísà, ẹja òkú Èkó wà, pọ̀nmọ́, irú, ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí mo ti bọ̀, àti ata tí mo lọ̀, tí mo sè gbẹ, tí mo dì sínú ọ̀rá.

Iná ni wàhálà àkọ́kọ́. Wọ́n lè mú un lọ láàárọ̀ kó má dé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èkejì, bàbá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, wọn kì í jẹ ìrẹsì lálẹ́, òkèlè ni wọ́n mọ̀. Àwọn ọmọ ní tiwọn ní ẹ̀wà ti sú àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa tò ó?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, Olúwa á dá a padà. Inú fírísà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí èlùbọ́ ò ní bàjẹ́ lọ́la, ẹ̀wà ò ní bàjẹ́ lọ́la, ṣùgbọ́n ẹja ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ òkú Èkó yẹn, ẹ gé e, ẹ fi iyọ̀ àti ata gbígbẹ ra á lára, kẹ́ ẹ dín in kó gbẹ kánkán. Èyí tó bá gbẹ dáadáa ṣeé fi se ọbẹ̀, ó ṣeé fi mu gàrí.

Ti Bàbá rọrùn: ẹ ti ní òrúnlá, kí lẹ tún ń wá? Àwọn ọmọdé ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n sè mọ́, wọ́n á kàn da gbogbo rẹ̀ sínú omi gbígbóná, á wá di kóró-kóró. Ẹ gbé omi kaná, ẹ fọ irú sí i pẹ̀lú káún bíńtín. Tó bá ti hó, ẹ fi ọwọ́ kan máa wọ́n òrúnlá lílọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ kejì máa fi ìjábẹ̀ jà á láìdúró. Ẹ má dé ìkòkò náà o, ó máa ń hó dànù lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá yọ ọ̀rá ata kan, ẹ fi epo díẹ̀ dín in, ẹ kó ẹja àti pọ̀nmọ́ sí i. Àmàlà dé, ọbẹ̀ dé. Bàbá á jẹun yó, wọ́n á tún ṣàdúrà.

Bàbá Fírísà, Òṣogbo

Iṣẹ́ fírísà ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n dá sí ti iná. Fírísà tó kún bámúbámú, bí ẹ ò bá ṣí i, òtútù rẹ̀ lè dúró tó wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi wákàtí 24 ni. Fíríìjì lásán ò ju wákàtí 4 lọ. Torí náà, bí ẹ bá ṣe ń jẹ nǹkan inú rẹ̀ tán, ẹ máa fi omi inú ike dí àyè tó ṣófo, kẹ́ ẹ má pọn ọ́n kún tẹ́nu, yìnyín máa ń wú. Kí àwọn ọmọ sì jáwọ́ nínú ṣíṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ wò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan yọ́ nígbà tẹ́ ẹ ò sí nílé, ẹ gbé ife omi kan sínú rẹ̀ kó dì, kẹ́ ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí. Bẹ́ ẹ bá dé tẹ́ ẹ bá òkúta nísàlẹ̀ ife, omi yẹn ti yọ́ pátápátá kó tó tún dì. Owó onírin làwọn mìíràn ń lò, àmọ́ ta ló ṣì ń rí kọ́bọ̀?

Ẹja tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀ ṣeé dá padà sí fírísà. Èyí tó ti rọ̀, tó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ da ẹja nù kẹ̀? Ní ayé tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí yìí? Imú lèmi fi ń mọ̀. Tí kò bá ti rùn, mo máa dín in.

Bàbá Fírísà, Òṣogbo

Ẹ má bínú, Màmá, òkú Èkó gan-an ni imú ò ràn. Tó bá ti pẹ́ nínú ooru, nǹkan kan wà tó máa ń pọ̀ nínú ẹran ara rẹ̀, histamine ni wọ́n ń pè é. Iná ò lè lé e lọ, dídín ò lè lé e lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, ara á máa yún un, orí á máa fọ́ ọ. Owó oògùn ju owó ẹja lọ.

Àpọ́n Abẹ́òkúta

Sìpàgẹ́tì, epo pupa, edé, àlùbọ́sà, ó parí. Èmi máa ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ọ̀sán, alẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ lọ fẹ́yàwó.

Aya Olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ìyá Bọ́lá, kì í ṣe ẹ̀wà ló sú àwọn ọmọ yín, ẹ̀wà sísè lójoojúmọ́ ni. Ẹ rẹ kóńgò kan sómi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kí omi ro kúrò lára rẹ̀, kẹ́ ẹ pín in sínú ọ̀rá lọ sí fírísà. Mi ò kì í lọ̀ ọ́ kí n tó kó o sí fírísà. Èyí tí mo bá lọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í wú dáadáa fún àkàrà mọ́. Láti inú ọ̀rá yẹn, ẹ lè rí àkàrà lónìí, ẹ̀kuru lọ́tunla. Gbẹ̀gìrì ńkọ́? Ẹ bù ú lé òrúnlá Bàbá, ẹ ẹ́ rí i bí wọ́n ṣe máa ké sí ọmọ wọn pé ìyàwó rere ló fẹ́.

Èyí tẹ́ ẹ bá sè pẹ̀lú èèpo, ẹ fi ata àgànyìn jẹ ẹ́. Ẹ rẹ ata gbígbẹ sínú omi gbígbóná, ẹ lọ̀ ọ́ kó má kúnná, ẹ fún omi rẹ̀ dànù. Ẹ dé ìkòkò epo pa lórí iná kékeré títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣí. Kí ó tutù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i, èéfín rẹ̀ ń ta ojú. Àlùbọ́sà ló ń kọ́kọ́ wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ dúdú kí ata tó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń kánjú. Tí epo bá ti yọ sókè, tí ata ò sì ní omi nínú mọ́, ó ṣetán. Síbí gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa fi bù ú.

Lórí káún tí Màmá wí: tí Bàbá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ yọ ọ́ kúrò. Sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú káún, bíi ti iyọ̀. Òrúnlá ń fà láìsí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham

Àwa tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, inú fírísà la ń gbé. Sípínáàṣì dídì ni mo fi ń ṣe ẹ̀fọ́ rírò. Ẹ jẹ́ kó yọ́, kẹ́ ẹ fún un títí ọwọ́ á fi ro yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ á di omi ṣooro. Ìyá Bọ́lá, ṣọkọ yín náà nìyẹn. Ẹ lọ díẹ̀ nínú ègúsí, kẹ́ ẹ fi sè é. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Èyí tí a ti lọ̀ tètè ń kan.

Ìyá Bọ́lá (ẹni tó béèrè)

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti dín ẹja, mo ti bó ẹ̀wà, àwọn ọmọ sì ti ń jà lórí àkàrà. Àmọ́ mo rí kòkòrò nínú ẹ̀wà tó kù. Ará ilé mi kan ní kí n wọ́n oògùn kòkòrò sí i.

Aya Olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ má dán an wò! NAFDAC ti pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí léraléra. Dichlorvos táwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà, májèlé ni. Ẹ ṣa ẹ̀wà náà, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó wà nínú fírísà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ á kú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú ike tó dé pinpin, kẹ́ ẹ ju odidi ata gbígbẹ mélòó kan sí i. Ẹ sá èlùbọ́ náà sóòrùn kó má báa hu.

Ìyá Bọ́lá (ẹni tó béèrè)

Bàbá jẹ òrúnlá lálẹ́ àná. Wọ́n ní ó dùn, ṣùgbọ́n irú ò tó.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ fi kún un. Ọ̀rá méjì ni kẹ́ ẹ máa dì í sí nínú fírísà yẹn o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi tútù yín á máa rùn irú.