Ogun tàbí ogún? Èsì mi lórí “arọ ajogun”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ láti àná tí mo ti kà á ni kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Nọ́ọ̀sì kan ló béèrè lọ́wọ́ wa pé báwo ni òun ṣe máa sọ ọ́ lórí rédíò n'Ìbàdàn níbí pé àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní myasthenia gravis, èyí tí kì í jẹ́ kí iṣan lágbára, àti àwọn àìsàn kan tó ń ṣe táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, máa ń pàdé lára ẹnì kan náà, àti pé jíìnì, ìyẹn ìlànà bí ara á ṣe máa ṣiṣẹ́ tí a bí mọ́ni, wà nídìí ẹ̀. Bàbá wa kan dá a lóhùn pé kó pè é ní “arọ ajogun tó ń bá gẹ̀gẹ̀ rìn”. Wọn ò fi àmì kankan sórí ajogun. Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ èyí tí àwọn ń wí, àti pé ọgbọ̀n ọdún ni àwọn fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá.

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó lanu. Èwo ni ká mọ̀ níbẹ̀? Ṣé ajogun tí ogun wà nínú ẹ̀ ni, àbí àjogún tí ogún wà nínú ẹ̀? Bí babaláwo bá ń ka àwọn Ajogun, Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀tá ọmọ aráyé ló ń kà. Ẹ̀gbà tí í rọ èèyàn lápá, tí í rọ èèyàn lẹ́sẹ̀, òun náà wà níbẹ̀. Ẹ wá so arọ mọ́ ajogun láìsí àmì, kí ìyá àgbà kan gbọ́ ọ ní Bẹẹrẹ. Ohun tó máa gbọ́ ni pé wọ́n rán an sí ọmọ òun. Ọ̀nà ọsibítù kọ́ ni ìyá yẹn máa gbà lọ. Ẹni tó máa ka ìwé yẹn lórí rédíò ló máa fẹnu ara ẹ̀ yan ohùn, ibi tó bá sì gbé e gbà ni gbogbo ìlú máa gbé e gbà.

Bàbá ìyá mi kì í gbà kí n jẹun alẹ́ bí àmì ọ̀rọ̀ mi ò bá pé. Ẹfun ló máa kó fún mi, tí màá fi kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: ogun, ogún, Ògún, òógùn, oògùn. Màá wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe gbólóhùn. Bí mo bá ṣi ọ̀kan pè, wọ́n á ní kí n fi omi nù ún, kí n bẹ̀rẹ̀ látòkè. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ ń tán lọ láàárín wa, ó sì ń dùn mí.

Ká tilẹ̀ ní ẹ fi àmì sí i, tí ẹ kọ àjogún bó ṣe yẹ, mi ò ní gbà síbẹ̀. Ohun tí èèyàn bá jogún, tiẹ̀ ni. Bàbá kú, ó fi ilé sílẹ̀, ilé ti dọwọ́ ọmọ. Àìsàn tí à ń sọ yìí kì í bọ́ sí ọmọ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ara ní ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ sì ni kó mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Nínú myasthenia, ẹ̀ṣọ́ yìí ṣi onílé mú: ojú ibi tí iṣan ti ń gba iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí i ló lọ dí. Nínú àìsàn Graves, ọ̀kan nínú àwọn àìsàn táírọ́ìdì, táírọ́ìdì ló dojú kọ, àmọ́ kò pa á, ńṣe ló ń tì í ní ìtìkutì títí tó fi ń ṣiṣẹ́ ju agbára lọ. Nínú ti Hashimoto, tó jẹ́ àìsàn táírọ́ìdì mìíràn, ó ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn jíìnì tí wọ́n rí pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn àìsàn yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ni tiwọn náà. Àwọn tí wọ́n ń pè ní HLA, tó wà lórí krómósómù kẹfà (okùn tín-ínrín tí jíìnì tò sí), ló ń fi àjèjì han ẹ̀ṣọ́. Jíìnì méjì mìíràn, CTLA4 àti PTPN22, dà bí ìjánu tí kì í jẹ́ kó ṣàṣejù. Bí ìjánu ẹnì kan bá dẹ̀ díẹ̀ láti inú oyún, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀ lè ṣìnà lọ́jọ́ kan. Ó sì lè má ṣìnà títí tó fi darúgbó. Àwọn ìbejì tó tinú ẹyin kan ṣoṣo wá pàápàá, Táyé lè ní in kí Kẹ́hìndé má ní in. Nínú 100 tó ní myasthenia, nǹkan bíi 5 sí 10 ni ẹ̀ṣọ́ wọn tún ń bá táírọ́ìdì jà. Èyí tó pọ̀ jù ò ní in. Níbo ni ogún wà níbẹ̀?

Ìdí tó fi ká mi lára nìyí. Àbúrò ìyá mi ń ta aṣọ òkè ní Òjé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ojú wọn á là kedere, wọ́n á máa fi ẹnu ṣẹ̀fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ká ẹtù àti sányán jọ. Tó bá di nǹkan bíi aago mẹ́rin, ìpéǹpéjú òsì á bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Wọ́n á fi ìka kan gbé e sókè, wọ́n á fi ọwọ́ kejì ka owó. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹran, páárì á rẹ̀ wọ́n lágbedeméjì, wọ́n á dúró, wọ́n á tún máa jẹ ẹ́ lọ. Àwọn ará ọjà ní wọ́n ń sùn nídìí ọjà. Nígbà tí àwọn dókítà rí ohun tó ń ṣe wọ́n, tí wọ́n sì rí i pé táírọ́ìdì náà wà ńbẹ̀, ẹni tó ń túmọ̀ fún wọn ní ọsibítù sọ pé, “Àrùn àjogúnbá ni, màmá.” Ọmọ wọn obìnrin jókòó síbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń wádìí: wèrè, ẹ̀tẹ̀, wárápá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló dá ìdána dúró. Mo wà lára àwọn tó lọ bẹ̀bẹ̀, mo sì rí ojú tí wọ́n fi ń wò wá.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni àyè. Yorùbá ní, “Ó fàyè gbà á.” Àyè la bí mọ́ni, àìsàn lè wá jókòó síbẹ̀, ó sì lè má wá. Ẹ pè é ní àyè àbínibí.

Arọ ò ṣeé gbọ́ sétí rárá. Ẹni tó yarọ ò ní sinmi díẹ̀ kó dìde. Ìsinmi ni oògùn àkọ́kọ́ tí ẹni tó ní èyí mọ̀. Nígbà tí dókítà ará Jámánì kan, Friedrich Jolly, sọ ọ́ lórúkọ ní 1895, ohun tó fi Gíríìkì wí ni pé iṣan kò lágbára. Àárẹ̀ iṣan tó, ó sì dùn-ún pè. Gravis tó wà lẹ́yìn ẹ̀, èdè Látìnì ni, ohun tó wúwo ló túmọ̀ sí, kò bá Graves tan. Robert Graves, dókítà ará Dublin, ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ àìsàn tiẹ̀. Ẹni tó túmọ̀ Graves sí “àrùn sàréè” níjẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ọ́ kúrò. Orúkọ èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń túmọ̀, ẹ má sì fi sàréè dẹ́rù ba aláìsàn.

Gẹ̀gẹ̀ náà, wíwú ọrùn là ń pè bẹ́ẹ̀. Táírọ́ìdì lè ṣàìsàn kí ọrùn má wú, àìtó èròjà áyódìnì nínú oúnjẹ sì lè mú gẹ̀gẹ̀ wá láìsí ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ kankan ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi táírọ́ìdì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ gbìyànjú èyí wò lórí rédíò, kí ẹ sì fi àmì sí gbogbo ẹ̀: “Àárẹ̀ iṣan àti àìsàn táírọ́ìdì lè pàdé lára ẹnì kan, torí pé àyè àbínibí tó ń gba ọ̀kan lè gba èkejì. Àyè ló wà nínú ẹbí, kì í ṣe àìsàn.”

Àǹtí tó ní iṣan ò dáa, pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni iṣan, ká kọ ẹran ara dípò ẹ̀: mo gbọ́ yín, mi ò sì tíì gbà. Mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àbúrò ìyá mi pé ẹran ara rẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ti gbé ìpéǹpéjú yẹn títí tó sú wọn, ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé, “Iṣan mi ò gbé mi mọ́, ẹ bá mi palẹ̀ ọjà mọ́.”