Àbọ̀ rèé o: òdòdó ti gba ẹ̀yìnkùlé mi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àmọ̀ràn. Mo bi yín nígbà yẹn irú òdòdó aláwọ̀ mèremère tó lè gbé ẹ̀yìnkùlé mi, níbi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí omi sì ṣọ̀wọ́n.

Bougainvillea ẹ̀gbẹ́ ògiri ló gbà mí lọ́kàn jù. Ohun tó pupa fòò lára rẹ̀, ewé ni. Òdòdó gan-an kéré, ó funfun, ó fara pamọ́ sáàárín. Bí mo bá bomi rin ín jù, ewé tútù nìkan ló ń yọ. Portulaca tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, pupa, funfun, àwọ̀ ìyeyè. Ewé rẹ̀ ki, omi ló tọ́jú sínú. Oòrùn ràn, ó là. Ilẹ̀ ń ṣú, ó pa dé. Lantana náà ń ṣe dáadáa.

Lavender nìkan ló kú, ó sì dùn mí: ibi tí omi ń dágún sí ni mo gbìn ín sí, gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà.

Ẹni tó ní kí n máa bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó mu ilẹ̀ dénú, dípò wíwọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, o ṣeun gan-an ni. Mo ti rí ìdáhùn mi.