Ìrànwọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga: òṣùwọ̀n wo la ó fi wọ̀n ọ́n?

Ọmọ Oyè Kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ ìwádìí oyè kejì ni mò ń kọ lọ́wọ́, lórí owó tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ fi ń ran àwọn yunifásítì lọ́wọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣì ń gòkè àgbà, ohun kan sì ń kọ mí lóminú. Bí mo bá wá ìwádìí lórí oògùn aràn tàbí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tó dúró ṣánṣán ni mo máa ń rí rẹpẹtẹ, irú èyí tí Banerjee, Duflo àti Kremer tìtorí rẹ̀ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní 2019. Bí mo bá dé orí yunifásítì, àbọ̀ iṣẹ́ tí àwọn àjọ olùrànwọ́ fúnra wọn kọ ni mo sábà ń bá, èyí tó kún fún iye ènìyàn tí wọ́n kọ́ àti iye ilé tí wọ́n kọ́. Ṣé ìrànwọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni kò so èso ni, àbí òṣùwọ̀n tó wà lọ́wọ́ wa ni kò lè wọ̀n ọ́n?

Ọ̀kàwé

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, ẹ má sì fò ó nínú iṣẹ́ yín. Láti àwọn ọdún 1970 ni George Psacharopoulos, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, àti àwọn tó tẹ̀lé e ti ń ṣírò èrè tó wà nínú ẹ̀kọ́: wọ́n á fi owó tó ń wọlé fún ẹni tó kàwé wé ti ẹni tí kò kà tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì yọ iye tí ẹ̀kọ́ náà ná àwọn ará ilé rẹ̀ àti ìjọba kúrò. Ìṣirò wọn fi hàn pé èrè tí àwùjọ ń jẹ lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ju ti yunifásítì lọ, Báńkì Àgbáyé sì fi í ṣe atọ́nà. Nígbà tí ìpàdé àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ ní Jomtien, ní Thailand, tún gbé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ṣíwájú ní 1990, ẹ̀yìn ni yunifásítì bọ́ sí. Àwọn olùwádìí Bloom, Canning àti Chan kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2006 pé nínú gbogbo owó tí Báńkì náà ná lórí ẹ̀kọ́ káàkiri ayé, ìdá 17 nínú 100 ló lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga láàárín 1985 sí 1989. Láàárín 1995 sí 1999, ó ti já wálẹ̀ sí 7.

Ibi tí ìṣirò náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé owó tó ń wọ àpò ẹni tó kàwé ni ojú rẹ̀ mọ. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ayé ń fẹ́, ta ló kọ́ ẹni tó kọ́ ọ? Dókítà tó tètè dá àrùn mọ̀ kí ó tó ràn kálẹ̀, owó-oṣù rẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ kan lé sí i nítorí àwọn tí kò kú. Ìgbìmọ̀ tí Báńkì Àgbáyé àti UNESCO gbé kalẹ̀, tí Mamphela Ramphele àti Henry Rosovsky jọ darí, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ketekete ní 2000. Òṣùwọ̀n ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà, àìsí ìwádìí sì tẹ̀lé e.

Agbéléwọ̀n

Mo ti bá àjọ olùrànwọ́ kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ìwọ̀n rí, ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ. Nínú àtẹ tí wọ́n fún mi, àyè kan wà fún ohun èlò tí wọ́n rà, òmíràn sì wà fún olùkọ́ tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́. Mo wọ yàrá àyẹ̀wò, mo bá ẹ̀rọ náà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, eruku sì ti mú aṣọ náà pọ́n. Kẹ́míkà tí ẹ̀rọ náà ń lò ti tán láti ọdún tó ṣáájú, kò sì sí owó fún òmíràn nínú ìsúná iṣẹ́ náà. Olùkọ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n lò ti lọ ka oyè ọ̀mọ̀wé ní òkèèrè. Ẹ̀rọ kan: mo kọ ọ́ pé wọ́n rà á. Olùkọ́ kan: mo kọ ọ́ pé wọ́n dá a lẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ náà yege.

Kì í ṣe pé kò sí ìlànà o. Láti 1991 ni ìgbìmọ̀ olùrànwọ́ inú OECD, àjọ tó kó ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ jọ, ti ní ìlànà márùn-ún tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ lé ìwọ̀n, wọ́n sì fi ẹ̀kẹfà kún un ní 2019. Bóyá àǹfààní iṣẹ́ yóò dúró pẹ́ wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ń ná owó tó kẹ́yìn ni wọ́n ń pe irú èmi, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó kí n padà lọ wo ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ wò ni sìkọ́láṣíìpù. Òfin ìṣirò OECD gbà kí orílẹ̀-èdè ka iye tí akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ń ná an ní yunifásítì tirẹ̀ mọ́ ìrànwọ́, Jámánì àti Faransé sì wà lára àwọn tó ń kà á jù. Owó náà kò jáde nílé.

Afarabalẹ̀wádìí

Mo gbà pẹ̀lú yín, àmọ́ mi ò fẹ́ ká fi òṣùwọ̀n ṣe àwáwí. Bí ẹyẹ bá ṣe fò la ṣe ń sọ òkò rẹ̀. Lóòótọ́, a kò lè ṣẹ́ kèké láàárín odidi yunifásítì láti yan èyí tí a ó ràn lọ́wọ́, ká sì fi í wé èyí tí a kò ràn, nítorí wọn kò pọ̀ tó, iṣẹ́ ọ̀kan sì máa ń ràn dé ọ̀dọ̀ èkejì. A lè ṣẹ́ ẹ láàárín akẹ́kọ̀ọ́. Ní Ghana ní 2008, Duflo, Dupas àti Kremer mú 2,064 ọ̀dọ́ tó ti yege láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àgbà ṣùgbọ́n tí kò rówó san, kèké sì mú 682 lára wọn fún sìkọ́láṣíìpù. Wọn kò dẹ̀yìn lẹ́yìn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn obìnrin tí kèké mú tẹ̀síwájú sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó bímọ. Ìwádìí ọdún mẹ́ta kò lè rí èyí láéláé.

Bí kò bá sí kèké, ẹ wá máàkì ìgbàwọlé. Ẹni tó fi máàkì kan wọlé àti ẹni tó fi máàkì kan pàdánù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, nítorí náà ìyàtọ̀ tó bá hàn láàárín wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a lè sọ pé yunifásítì ló fà á.

Ọmọ Oyè Kejì

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ibo ni mo ti máa rí àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ìwádìí agboolé tí USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ń náwó lé láti 1984, tí mo gbójú lé, wọ́n dá a dúró ní Fèbúárì 2025, USAID fúnra rẹ̀ sì kógbá sílé ní oṣù Keje ọdún náà.

Afarabalẹ̀wádìí

Àwọn èyí tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ṣì wúlò fún yín. Àmọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ní ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ béèrè orúkọ àwọn tó kọ̀wé béèrè fún sìkọ́láṣíìpù tí wọn kò sì rí i gbà. Orúkọ àwọn tó rí i gbà wà nínú gbogbo àbọ̀ iṣẹ́. Ìwé àwọn tí kò rí i gbà ni wọ́n máa ń tètè kó dànù, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó lọ.