Ẹsẹ̀ ọmọ mi ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ṣé ti ìdílé ni lóòótọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Ibà ló mú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, mo gbé e lọ sí kẹ́mísì kan, wọ́n gún un ní ìdí òsì, bó ṣe figbe ta báyìí ni ẹsẹ̀ yẹn ò gbé dáadáa mọ́, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ ìka ẹ̀ ń gbálẹ̀ ni, sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ kò ní mọ̀. Ìyá ọkọ mi wá ní kì í ṣe abẹ́rẹ́, pé àwọn ní i nílé, pé àbúrò bàbá ọkọ mi náà ń wọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Orí mi ti gbóná.

Nọ́ọ̀sì Àjíkẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Abẹ́rẹ́ ni mo fura sí. Nẹ́ẹ̀fù ńlá kan (okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri ara) gba inú ìdí lọ sí ẹsẹ̀, tí abẹ́rẹ́ bá bà á, kíá ló máa hàn, ẹsẹ̀ kan yẹn nìkan sì ni. Itan ló yẹ kí wọ́n ti gún ọmọdé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi omi gbígbóná jó o o! Ẹsẹ̀ tó kú tipiri ò ní mọ̀ tó bá ń bó.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ti ìdílé wà nílé tiwa. Àìsàn nẹ́ẹ̀fù ni, Charcot-Marie-Tooth ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà mẹ́ta tó kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1886 (Tooth yẹn ò kan eyín o). Èyí tó wọ́pọ̀ jù, jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) kan tó ń jẹ́ PMP22 ló di mẹ́ta dípò méjì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wá, ẹsẹ̀ méjèèjì, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ á ga, ọmọ ìka á ká kò. Tó bá máa dé ara ọmọ yín, ó máa kọ́kọ́ gba ara bàbá ọkọ yín àti ọkọ yín kọjá. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn.

Rìwáyà Ìjẹrù: Ṣé bíi wáyà tí rọ́bà ẹ̀ bó ni?

Ọmọ Ṣọ̀ún: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Ohun tó bo nẹ́ẹ̀fù bíi rọ́bà yẹn ni jíìnì yẹn ń bà jẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ó lè padà báyìí?

Nọ́ọ̀sì Àjíkẹ́: Nẹ́ẹ̀fù ẹsẹ̀ lè hù padà, àmọ́ kì í yára, bíi mìlímítà 1 lójúmọ́. Láti ìdí débẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 40, ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé lọ́dún kan. Ẹ gbé e lọ rí dókítà kíákíá, wọ́n á fún un ní físíò àti ike tó ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ dúró kó má baà gan síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Mo ti wo ẹsẹ̀ ọkọ mi, pẹlẹbẹ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Mo wá pe àbúrò bàbá ọkọ mi yẹn fúnra ẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀rín ló fi mí rín, ó ní orí ọ̀pẹ lòun ti já lulẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, ẹ̀yìn òun ló dá. Màmá ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ọ̀la la ń lọ ọsibítù.