Báwo la ṣe lè yẹ́ màmá tó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní Ìkọ̀lé-Èkìtì níbí, àwa òbí fẹ́ yẹ́ àwọn tíṣà ọmọ wa sí ní Ọjọ́ Olùkọ́ Àgbáyé, ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. Ìyẹn ò le. Màmá tó ń gbálẹ̀ ló wà lọ́kàn mi. Àwọn ló ń so okùn bàtà àwọn ọmọ kéékèèké, tí wọ́n ń fi etí ìró wọn nu imú wọn. Bí òjò bá dá ọmọ dúró, wọn kì í lọ sílé àfi tí òbí bá dé. Owó tá a dá ò pọ̀. Ṣé ká ra aṣọ òkè ni, àbí oúnjẹ? Mi ò fẹ́ kó jọ ìtọrẹ àánú rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fún wọn?