Ẹ wá sọ ìrírí yín: ìgbà tẹ́ ẹ gbé àtúnṣe bug (àṣìṣe inú kóòdù) padà sí ẹ̀ka àtijọ́ (ẹ̀dà kóòdù tó ti pẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Mo wà lára àwọn tó ń tọ́jú library kékeré kan (kóòdù táwọn ẹlòmíràn lè mú lò nínú iṣẹ́ wọn) tí wọ́n fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa to fọ́tò táwọn èèyàn bá gbé sórí wẹ́ẹ̀bù. Ẹ̀ka méjì la ní: main tí iṣẹ́ tuntun ń wọ̀, àti 2.x fáwọn tí server wọn ṣì wà lórí Ubuntu 20.04 (irú Linux kan, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), Python 3.8 ló sì wà níbẹ̀. Bug kan wá ń jẹ́ kí "media/" wà lẹ́ẹ̀mejì níwájú orúkọ fáìlì. Wọ́n ti tún un ṣe lórí main, ìlà kan péré, removeprefix("media/"), tó ń gé "media/" kúrò níwájú orúkọ, tèmi ò ju kí n gbé e padà sí 2.x lọ.

Mo lo git cherry-pick -x (git ló ń tọ́jú ìtàn kóòdù wa, àṣẹ yìí sì ń mú àtúnṣe kan ṣoṣo lọ sí ẹ̀ka mìíràn), ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí conflict (ìkọlura ìlà kóòdù) kankan, mo run test lórí láptọ́ọ̀pù mi, gbogbo ẹ̀ yege, mo bá gbé e jáde lálẹ́ Jímọ̀. Ohun tí mi ò wò ni pé Python 3.11 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, bẹ́ẹ̀ Python 3.9 ni removeprefix tó wọlé. A sì ti pa ẹ̀rọ tó ń run test fún 3.8 láti bí oṣù mélòó kan torí ó máa ń pẹ́ jù.

Àárọ̀ Sátidé, ọmọkùnrin kan tó ṣe wẹ́ẹ̀bù fún màmá ẹ̀ tó ń ta àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta kọ̀wé sí mi pé fọ́tò kankan ò wọlé mọ́, AttributeError lóun ń rí, ìyẹn ni pé Python 3.8 ò mọ removeprefix.

Ìkánjú ló wá bà á jẹ́ sí i. Mo yọ removeprefix, mo fi lstrip rọ́pò ẹ̀, error lọ, mo ní ó ti tán. Kò tán o! lstrip kì í yọ "media/" lódindi, lẹ́tà ló ń yọ, gbogbo m, e, d, i, a àti / tó bá ṣáà ti bá níwájú ló máa jẹ. Dípò kí "media/adire.jpg" ṣẹ́ku "adire.jpg", "re.jpg" ló kù. Ẹ wò ó dáadáa, a, d, i ti bá a lọ. Fọ́tò tórúkọ ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú k tàbí s, nǹkan kan ò ṣe é, ìdí nìyẹn tí test mi ò fi rí i.

Mo padà kọ ọ́ pẹ̀lú startswith, tó bá bá "media/" níwájú kó gé iye lẹ́tà yẹn gẹ́lẹ́, mo fi adire.jpg gan-an kọ test, mo dá ẹ̀rọ 3.8 padà, mo pe ọmọ náà mo bẹ̀ ẹ́. Báyìí, ìgbà tí cherry-pick bá wọlé láìjà ni mo máa ń fara balẹ̀ jù, torí ìlà ọ̀rọ̀ ni git ń wò, kò mọ̀ bóyá ohun tí kóòdù yẹn gbára lé wà níbi tó ń lọ. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹlòmíràn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Èmi kọ́ ni mo gbé àtúnṣe padà ní tèmi, èmi ni mò ń lò ó. Oṣù kẹrin 2014, Heartbleed (àbùkù ààbò kan nínú OpenSSL, kóòdù tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) jáde, Debian 7, irú Linux kan, la wà. OpenSSL fi àtúnṣe tiwọn sínú 1.0.1g, ṣùgbọ́n Debian mú àtúnṣe yẹn nìkan lé 1.0.1e tó wà nílẹ̀, wọ́n pè é ní 1.0.1e-2+deb7u5. Mo ti ṣe upgrade, mo ti restart nginx (ètò tó ń gbé wẹ́ẹ̀bù wa jáde) náà, torí téèyàn ò bá restart, ti àtijọ́ ló ṣì wà nínú mẹ́mórì. Ọ̀gá wa tẹ openssl version, ó rí "1.0.1e 11 Feb 2013", ó fi ariwo ta pé mi ò ṣe nǹkan kan. Àfìgbà tí mo ṣí changelog.Debian.gz (àkọsílẹ̀ àwọn àtúnṣe) tí mo fi CVE-2014-0160, nọ́ńbà tí wọ́n fún Heartbleed, hàn án lójú ẹ̀ kó tó rọlẹ̀.

Ẹlòmíràn:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Kernel Linux (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ) ni tèmi, àtúnṣe kékeré fún wáìfáì. Òfin wọn ni pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú kóòdù Linus Torvalds, olórí iṣẹ́ náà, ná, mo fi Fixes: (tó ń sọ àyípadà tó dá àṣìṣe náà sílẹ̀) àti Cc: stable@vger.kernel.org (káwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ka àtijọ́ lè rí i) sí i. Ó wọlé, lẹ́yìn náà ni ímeèlì dé pé FAILED, kò wọ 5.4-stable, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka àtijọ́. Àyà mi já, mo rò pé wọ́n ti kọ̀ ọ́ ni. Mo fi git log -S, tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìtàn kóòdù, wá orúkọ function tí àtúnṣe mi fọwọ́ kàn, mo rí i pé wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ padà lẹ́yìn 5.4. Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ àtijọ́, mo kọ nọ́ńbà commit (àyípadà) tó ti wọlé lọ́dọ̀ Linus sórí ẹ̀, mo build, mo boot, mo fi ránṣẹ́, wọ́n gbà á. Láptọ́ọ̀pù bàbá mi tí wáìfáì ẹ̀ máa ń kú ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kernel yẹn náà ló wà lórí ẹ̀ báyìí.