Àwọ̀ ara, èédú àti àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Mọ́níyà níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 4 sí 5. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí kálukú ya àwòrán ara rẹ̀. Kíréyọ́ọ̀nù kan tó rí bí ara òyìnbó ni wọ́n ń dù, "àwọ̀ ara" ni wọ́n ń pè é. Ọmọbìnrin kan fi dúdú kun tirẹ̀, ni wọ́n bá pariwo: "Dúdú bí èédú!" Èédú ni ìyá rẹ̀ ń tà lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí ò ya nǹkan kan mọ́.

Ó dùn mí wọra. Alábàárù ni bàbá tèmi ní Dùgbẹ̀, mo mọ bí ó ṣe ń rí lára. Mo fẹ́ fi àwòrán kọ́ wọn pé a kì í ta ẹnìkejì nù torí àwọ̀ tàbí iṣẹ́ òbí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní ábídí àti òǹkà ni àwọn òbí ń sanwó fún. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ẹ kó gbogbo kíréyọ́ọ̀nù sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ní kíláàsì mi tẹ́lẹ̀, ẹni tó ní 24 kì í jẹ́ kí ẹni tó ní 6 fọwọ́ kan tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ po ọ̀dà: pupa, yẹ́lò, búlúù bíńtín. Kí kálukú máa pò ó títí yóò fi jọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

Tíṣà Àgbà: Ẹ mú ìwé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti 2013, tọ ọ̀gá lọ. Iṣẹ́ ọnà, orin, eré àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé jẹ́lé-ó-sinmi wà fún.

Aládìrẹ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ náà síwájú, ẹ tún máa dójú tì í ni. Èédú ni kí ẹ fún gbogbo wọn láti fi yàwòrán. Ní ọjọ́ kejì, ẹ mú àdìrẹ Ìbàdàndùn wá, kí wọ́n wá òpó gbọ̀ngàn Màpó lára rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ni àwọn ìyá wa fi ń yà á kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bò ni aró ò mú. Ẹ bi wọ́n pé: bí a bá yọ dúdú kúrò, ṣé a ó ṣì rí òpó?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò ṣe pe ìyá rẹ̀ wá sí kíláàsì?

Aládìrẹ: Kí wọ́n kọ́kọ́ bi í níkọ̀kọ̀ o, mà. Ó lè má fẹ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé púpọ̀. Apẹ̀rẹ̀ wà nílé, màá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́la, màá yà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Màá ra èédú tí gbogbo kíláàsì máa lò lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe fún un.